Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ààyè Kún fún Ìyá Olólùfẹ́ Mi

Ọ̀nà tí ìfẹ́ ń gbà dán ènìyàn wò pọ̀. Ó ń fi àìsàn dán ẹlòmíràn wò, ó ń fi ọ̀nà jíjìn dán ẹlòmíràn wò. Ní tèmi, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló fi dán mi wò, inú kọ̀ǹpútà ni ọkọ̀ náà sì wà, ní pálọ̀ ìyá ẹni tí ọkàn mi yàn.

Aránṣọ ni mí. Oníbúrẹ́dì ni òun. Ìsọ̀ mi kọjú sí ibi tó ti ń yan búrẹ́dì, tó bá sì ti ń gbé pákó búrẹ́dì gbígbóná jáde láàárọ̀, tí ìyẹ̀fun ti sọ irun ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun bí ẹni pé ó ti sáré darúgbó ṣáájú mi, ẹsẹ̀ mi á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀rín ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe lè jẹ́wọ́ lọ.

Lọ́jọ́ tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó parí gbólóhùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò tú ká. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo ilẹ̀.

"Ó ku màmá mi," ó ní. "Bàbá mi ti lọ, àwa méjèèjì la ṣẹ́ kù fún ara wa. Tí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní lè gbé ẹ wọlé. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹ."

"Kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn?"

"Wọn kì í bi èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n á kàn ní kó o wá jókòó ti àwọn nídìí géèmù."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé òótọ́ ni. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pe màmá rẹ̀, nítorí pé ìdajì àwọn tó ń rìn ní òpópónà wa, ọwọ́ màmá yìí ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí nílé ayé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ilé dákẹ́ jù fún wọn. Ọmọ wọn wá ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan kí wọ́n lè máa fi wo àwòrán ẹbí. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ ti gbàgbé géèmù kan sínú rẹ̀, géèmù ọkọ̀ abẹ́ omi. Màmá ní àwọn á kàn yọjú wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti wà lábẹ́ omi.

"Akọ̀wé báńkì tó o kọ́kọ́ mú wálé ńkọ́?" mo bi í. Mo ti gbọ́ nípa ìyẹn, mo sì ti ń jowú rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.

"Ó rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, 'Màmá, ṣé àgbàlagbà náà máa ń ṣe géèmù ni?' Màmá bu tíì fún un, wọ́n ṣe é lálejò dáadáa, wọ́n sìn ín dé ẹnu géètì. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, wọ́n ní, 'Ẹ̀rín yẹn ò gbọdọ̀ padà wá síbí.'" Ó mí kanlẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́. Má sọ fún màmá mi pé wọ́n ṣe nǹkan kan tì. Láti bí oṣù kan tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣírò eré ọkọ̀, gbogbo ọta tí wọ́n ń yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gbà kọjá. Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Mo kàn sọ pé kọ̀ǹpútà ló gbó. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó gbó bẹ́ẹ̀."

Mo ṣèlérí. Kí ni mi ò ní ṣèlérí fún ojú yẹn?

Ọ̀sán Sátidé la lọ. Wọ́n ti fa kọ́tìnì bo fèrèsé kí oòrùn má bàa pa ojú kọ̀ǹpútà rẹ́, gbogbo pálọ̀ wá rí bí ìsàlẹ̀ odò lóòótọ́. Orí tábìlì ìṣaralóge àtijọ́ ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí, wọ́n ti yọ dígí rẹ̀ kúrò. Obìnrin kúkúrú ni Màmá, èékánná wọn gé sínú pátápátá, ọwọ́ wọn sì mọ́ bí ọwọ́ ẹni tí kò tíì fi ṣe nǹkan kan rí.

"Ìwọ ni aránṣọ," wọ́n ní.

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Ṣé ojú ẹ ríran?"

"Ó ríran, mà. Mi ò lo awò tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

"Ìyẹn dáa. Tèmi ti ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Jókòó síbí, ìwọ ni wàá máa ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ fún mi." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn tó dúró bí òpó. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ilé ìdáná ò pè ẹ́ ni?"

Oníbúrẹ́dì mi wò mí bí ẹni tó ń fi mí sílẹ̀ ní èbúté, ó sì wọlé lọ.

Màmá fi iṣẹ́ náà hàn mí, ohùn wọn sì yí padà, ó di ohùn ẹni tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Abẹ́ omi la wà. Awò gígùn kan ló yọ orí sókè díẹ̀, òun la fi ń wo òkè. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ọ̀tá ń kọjá lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọta gígùn tí à ń pè ní tọ̀pídò la máa yìn sí wọn.

"Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní dúró dè ẹ́," Màmá ní. "Ọta yìí ò yára bí ìbọn, ó máa pẹ́ lọ́nà. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ wà kọ́ lo máa yìn ín sí, ibi tó máa dé ni. Àfi kó o mọ eré tó ń sá. Tó o bá ṣì í mọ̀, ẹja lo máa pa."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n, mà?"

"A ó dá tiwa dúró jẹ́ẹ́. Ṣé o rí ìlà tó dúró ṣánṣán láàárín awò yìí? A ò ní gbé awò, a ò ní mí. Bí imú ọkọ̀ bá ti kan ìlà, mo tẹ aago. Bó bá ti kọjá tán, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìwọ á wo àwòrán ọkọ̀ náà nínú ìwé tó wà níbí, wàá ka gígùn ẹ̀ fún mi. A pín gígùn sí àkókò tó fi kọjá, eré ẹ̀ dé."

"Bí ẹní dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá."

Màmá wò mí láti orí awò ojú wọn. "Ó yé ẹ," wọ́n ní, inú mi sì dùn bí ọmọ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé, dúdú, ó gùn, ó ní ihò èéfín kan. Màmá tẹ aago. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo wá ọkọ̀ náà nínú ìwé, mo kà á: ọgọ́rùn-ún mítà. Màmá ṣe ìṣirò, wọ́n yin ọta. Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí omi, ó ń lọ, ó ń lọ, ọkàn mi ń bá a lọ. Ìdí ọkọ̀ rọra kọjá, ọta náà gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wò ó!" Màmá gbá tábìlì. "Ẹ ò rí nǹkan bí! Ọkọ̀ lásánlàsàn ń fi mí ṣẹ̀sín!"

"Kọ̀ǹpútà ló gbó, Màmá!" ohùn kan ké láti ilé ìdáná.

"Ìwọ lo gbó! Fọ ife tó ò ń fọ̀!" Wọ́n yíjú sí mi. "Àbúrò ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Irú ọkọ̀ kan náà ni, eré kan náà ni wọ́n ń bá ara wọn sá. Múra."

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò wo ọkọ̀ nìkan. Mo wo ìka Màmá. Imú ọkọ̀ kan ìlà, ìka sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dára bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ń kọjá. Ìdí rẹ̀ dé orí ìlà, ó kọjá. Ìka ò sọ̀ kalẹ̀. Omi funfun tó ń hó lẹ́yìn ọkọ̀ náà dé, ó ń kọjá lọ, ó kọjá tán. Ìgbà yẹn ni ìka tó sọ̀, tí Màmá sì mí jáde bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Mo ti rí i! Aago ń gba ohun tí kì í ṣe ti ọkọ̀ mọ́ ti ọkọ̀. Ó wá ń dà bí ẹni pé ọkọ̀ ń fà lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń sáré. Ìdí tí ọta fi ń gba ẹ̀yìn lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo la ẹnu. Mo rántí ìlérí. Mo pa á dé.

Àwa aránṣọ ní ìwà kan. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Ìwọ̀n mi tẹ́lẹ̀ ni kó o lò, mi ò sanra o." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń bá ilẹ̀kùn jà kó tó wọlé. Aránṣọ tó bá sọ òótọ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ oníbàárà yẹn á gé nílé rẹ̀. Èmi á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà," màá sì fi ààyè kún aṣọ náà lábẹ́lẹ̀. Bó bá wọ̀ ọ́, tó bá a mu rẹ́gí, á ní, "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ." Òun ń yọ̀, èmi ń yọ̀, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ọwọ́ mi ò kúrò nínú iṣẹ́ mi rí. Mo fi ojú wọn omi funfun yẹn mọ́ ara ọkọ̀: ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ géérégé.

"Mélòó ni gígùn ẹ̀?" Màmá bi mí.

"Ọgọ́fà mítà, mà."

Ìka wọn dúró lórí bọ́tìnnì. "Ọgọ́fà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Hmm," ni Màmá wí. Wọ́n tẹ ọgọ́fà. Wọ́n yin ọta.

Ìlà funfun tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo rí ara mi nínú aṣọ funfun, mo rí ara mi nínú aṣọ ojoojúmọ́ láìní ọkọ, mo tún rí ara mi nínú aṣọ funfun. Ọkọ̀ ń bọ̀, ọta ń lọ. Gbàù! Iná là, èéfín bo ojú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú mu omi. Màmá fò sókè. Èmi náà fò sókè. A dì mọ́ ara wa bí ọ̀rẹ́ iléèwé, nǹkan kan sì fọ́ ní ilé ìdáná.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Oníbúrẹ́dì mi sáré yọ, etí ife nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"A rì í!" mo kígbe. "A ti rì í!"

Ojú rẹ̀ tàn bí ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Màmá ti jókòó padà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Padà sí ilé ìdáná," wọ́n sọ fún ọmọ wọn. "Kó o sì ti ilẹ̀kùn."

Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó lọ. Wọ́n tẹ nǹkan kan, gbogbo òkun sì dúró sójú kan.

"Aránṣọ."

"Mà."

"Ọkọ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tá a rì, ìyá kan náà ló bí wọn. Oṣù kan gbáko ni mo ti ń lé irú ọkọ̀ yẹn. Ọgọ́rùn-ún ni gígùn ẹ̀, ó sì dáa bó o ṣe kà á nígbà àkọ́kọ́. Ogún yòókù, níbo ló ti wá?"

Mo ronú pé kí n ní ojú ló ṣì mí. Irọ́ kékeré ni, ó ti wà létè mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà níwájú mi yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ojú àwọn tó ń jẹ̀rora, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún un? Omijé bọ́ sí itan mi.

"Má sunkún," Màmá ní. "Mo ti gbọ́ ẹkún tó ju tìẹ lọ. Bí èèyàn bá ń sunkún, ó yẹ kó ṣì lè sọ̀rọ̀."

"Mo fi ààyè kún un ni, mà."

"Ààyè báwo?"

"Bíi ti aṣọ, mà." "Ẹ má bínú sí mi, mà. Ẹ máa ń pẹ́ kí ẹ tó tẹ aago. Ìdí ọkọ̀ á ti kọjá ìlà, ẹ ò ní tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ń dúró de omi funfun tó ń tẹ̀lé e. Mi ò lè là á mọ́ yín lójú, ni mo bá fi gígùn omi yẹn kún gígùn ọkọ̀."

Fíríìjì ń kùn. Ẹnì kan ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ẹni tó ń ru àpò ìyẹ̀fun. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó tán. Màá kó ìsọ̀ mi lọ sí òpópónà mìíràn, kí n má bàa máa gbóòórùn búrẹ́dì rẹ̀ láràárọ̀ títí ọkàn mi á fi bàjẹ́.

Màmá gbé ìka kan sókè lórí tábìlì. Wọ́n ń wo afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀. "Imú dé," wọ́n ní, ìka sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tún gbé e sókè. "Ìdí dé. Ìdí kọjá..." Ìka wà lókè. Kò sọ̀. Màmá wò ó bí ẹni tó ń wo ìka ẹlòmíràn.

"Háà," wọ́n ní. "Háà!"

Mo rò pé àyà ló ń dùn wọ́n. Àfìgbà tí mo rí i pé ẹ̀rín ni.

"Ibi ọmọ!" Màmá fọwọ́ bo ojú, èjìká wọn ń jó. "Ibi ọmọ ni mò ń dúró dè! Gbogbo ọdún tí mo fi gbẹ̀bí, ọmọ á ti jáde, àwọn ará ilé á ti máa hó yèè, èmi ò jẹ́ sinmi. Iṣẹ́ ò tíì parí. Àfi kí ibi ọmọ tẹ̀lé e, kí n wò ó pé ó pé, ìgbà yẹn ni mo tó ń mí. Àwé, ọwọ́ mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ kì í bímọ!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Màmá nu ojú wọn.

"Ìṣirò ẹ pé o. O wọn ọkọ̀ àti ibi ẹ̀ pọ̀, ó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ohun tó o ṣe yẹn, ó fún mi láyọ̀, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ̀ pé òun ń ṣìṣe. Ní yàrá ìgbẹ̀bí, ẹni tó bá rí àṣìṣe mi tó bá mi bò ó, kì í bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá sì pariwo ẹ̀ lójú aláboyún, èmi àti ẹ̀ ti parí. Etí mi ni kó o bá wá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Tí mo bá da iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Màá sọ fún yín, mà."

"Tí mo bá ń bá ọkọ ẹ jà lórí ohun tí kò tó nǹkan?"

Ọkọ ẹ! Etí mi gbọ́ ọ, ọkàn mi sì dì í mú bí ìgbà tí wọ́n fi bọ́tìnnì há aṣọ. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá mọ̀ pé àwọn ti sọ ọ́. Mi ò gbọdọ̀ mí, kó má bàa fò lọ.

"Màá sọ fún yín, mà," mo ní. "Létí."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ọkọ̀ kẹta ṣì ń bọ̀. Jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ."

Wọ́n jẹ́ kí òkun máa rìn. Imú ọkọ̀ kan ìlà, ìka sọ̀. Mo súnmọ́ etí Màmá. Ìdí ọkọ̀ dé, mo ní, "Ó ti kọjá, mà," jẹ́jẹ́, wọ́n sì tẹ aago, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn wọ́n wọra. Omi funfun náà kọjá lẹ́yìn rẹ̀, Màmá sì ń fi ojú sìn ín lọ bí ẹni tó já ọmọ òrukàn sílẹ̀.

"Gígùn?"

"Ọgọ́rùn-ún, mà. Kò sí ààyè ńbẹ̀."

Ọta lọ. A di ọwọ́ ara wa mú láìmọ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí díẹ̀, oníbúrẹ́dì mi yọjú pẹ̀lú tíì lórí tíréè. Ìlà funfun ń súnmọ́ ọkọ̀, ó ń súnmọ́ àárín rẹ̀ gan-an, kì í ṣe imú, kì í ṣe ìdí. A gbọ́ ọ: kọ̀ọ́ǹ!, bí ìgbà tí sìbí bá ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Kò sí iná, kò sí èéfín. Ọkọ̀ náà ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn.

"Kọ̀ǹpútà ló..." oníbúrẹ́dì mi bẹ̀rẹ̀.

"Dákẹ́!" Màmá ti dìde. "Ó kàn án! Ṣé ẹ gbọ́? Àárín gbùngbùn ló ti kàn án! Ìṣirò wa pé pérépéré. Pé kò bú, ẹjọ́ àwọn tó rọ ọ́ nìyẹn, kò kàn wá." Èyí tó kàn láìbú yìí dùn mọ́ wọn ju èyí tó rì lọ. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn, ó dùn mí dé egungun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. "Ìwọ, gbé tíì yẹn sílẹ̀. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe é?"

"Ṣe kí ni, Màmá?"

"Ẹ gbà mí! Ó ní ṣe kí ni! Ọmọ yìí ti bá mi wá àṣìṣe tó o fi kọ̀ǹpútà bò fún oṣù kan, o sì ń bi mí pé ṣe kí ni. Ìgbéyàwó ńkọ́?"

Díẹ̀ ló kù kí tíréè yẹn já bọ́. Èmi ni mo sáré gbà á. Oníbúrẹ́dì mi wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú màmá rẹ̀, ó sì fi orí ti orúnkún wọn bí ọmọdé. Mo rí i tí èémí jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí atẹ́gùn tó ń jáde nínú ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n gbá lọ́wọ́. Tèmi náà jáde. Àṣé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, ìdajì èémí ni mo ti ń mí.

Màmá fi ọwọ́ kan pa orí ọmọ wọn, wọ́n fi èkejì di máòsì kọ̀ǹpútà mú.

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ tán lábẹ́ ibí," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ ká gòkè."

Wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan. Omi ya sí méjì lójú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ wa yọ sí gbangba, oòrùn tàn sórí òkun, kò sí ọ̀tá kankan nítòsí. Mo bu tíì fún Màmá. Oníbúrẹ́dì mi na ọwọ́ sí mi láti ìsàlẹ̀ tó wà, mo dì í mú, ọṣẹ ife sì tutù nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.